"Báwo lẹ ó ṣe máa dé ibi iṣẹ́?": Ìdáhùn fún arábìnrin tó kọ̀wé láti Ìjú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Ìjú ni mò ń gbé l'Ékòó. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló mú mi ní kékeré. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn nínú ilé, àga onítáyà ni mo sì ń lò bí ìrìn bá jìn. Mo ní HND nínú ìṣirò owó. Lóṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà pè mí wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n yìn mí gan-an lórí ìdánwò tí mo ṣe. Ìbéèrè tí wọ́n fi kádìí rẹ̀ ni pé, 'Báwo lẹ ó ṣe máa dé ibí ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lójoojúmọ́?' Mo ní màá wá ọ̀nà sí i. Ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn ti mú ẹlòmíràn. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ mìíràn ní Yábàá ti pè mí. Ṣé òfin fọwọ́ sí ohun tí àwọn ará Ìkẹjà ṣe? Mo gbọ́ pé gbogbo ilé iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi àyè márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún wa. Bí àwọn ti Yábàá náà bá bi mí ní ìbéèrè yẹn ńkọ́, kí ni kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London, tí òun náà jẹ́ aláàbọ̀ ara, ní ìjọba ibẹ̀ ló ń bá òun san owó takisí lọ síbi iṣẹ́."

Ẹ kú ìforítì, arábìnrin. Mo ti ń bá àwọn aláàbọ̀ ara ṣe ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ l'Ékòó tipẹ́, ìbéèrè tí wọ́n bi yín ní Ìkẹjà yẹn kò sì ṣàjèjì sí mi rárá. Ẹ jẹ́ ká ti apá òfin bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn láti là yé ara wa. Lẹ́yìn náà ni ká wá bọ́ sójú títì, níbi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí àìlera ènìyàn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Òfin ọdún 2018 ni wọ́n ń pè é, àmọ́ oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari tó bọwọ́ lù ú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Abala 28 rẹ̀ ló kàn yín. Ó ní aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ láti ṣe iṣẹ́ oòjọ́ bí gbogbo èèyàn, iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ilé iṣẹ́ tó bá tẹ abala yìí lójú, ó kéré tán 500,000 náírà ni yóò san. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ yóò san 50,000 náírà lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n máa san owó náà fún. Kò sí pé wọ́n ń kó o lọ sápò ìjọba.

Ti àyè márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ gbọ́, wọn ò sọ ọ́ délẹ̀ fún yín ni. Abala 29 ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba nìkan ló sì bá wí. Ó tún wá fi "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó" kún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ìjọba ń gbà yọ́ jáde. Bí ilé iṣẹ́ Ìkẹjà yẹn bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ má fi ìdá márùn-ún halẹ̀ mọ́ wọn, torí agbẹjọ́rò wọn yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Abala 28 ni kẹ́ ẹ dì mú, torí pé kò ya aládàáni sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2011, nígbà tí Fashola jẹ́ gómìnà. Òfin yẹn ló dá LASODA sílẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní ìpínlẹ̀ yìí. Bí orúkọ yín kò bá tíì sí lọ́dọ̀ wọn, ẹ lọ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ ló ń yá kánkán bí wọ́n bá ti mọ̀ yín níbẹ̀.

Ṣé wọ́n wá rú òfin ní Ìkẹjà? Ìbéèrè tí wọ́n bi yín fúnra rẹ̀ kò lòdì sófin. Èkó la wà. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Sángo, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ le tó, wọ́n á bi í bó ṣe máa dé. Ohun tó lòdì sófin ni pé kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni wọ́n bi, kí wọ́n sì tìtorí ìdáhùn yín gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò ṣe dáadáa tó yín. Èyí sì gba ẹ̀rí. Ẹ jókòó lónìí, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ rántí sílẹ̀: ọjọ́ náà, àwọn tó wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ nípa ìdánwò yín, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bi ìbéèrè yẹn gẹ́lẹ́. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹlòmíràn tó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ bi í bóyá wọ́n bi òun náà. Ẹ má pa lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, lẹ́tà tí kò ní èébú tàbí ìhàlẹ̀ nínú. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi gbé ẹni tí wọ́n mú lékè yín, kẹ́ ẹ dárúkọ abala 28, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí LASODA. Mo ti rí i tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mú kí ilé iṣẹ́ pe ènìyàn padà. Mo sì ti rí èyí tí wọn kò fèsì rárá, àmọ́ àìfèsì náà di ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀la. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í lọ sí kóòtù gíga báyìí o. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ aáwọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ló ni ín láti ìgbà tí àtúnṣe ìwé òfin Nàìjíríà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2011, ó sì ń jókòó ní Ìkòyí níbí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ni yín, mi ò ní gbé Ìkẹjà lọ síbẹ̀ lórí ẹ̀rí tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ báyìí. Lẹ́tà náà tó. Yábàá ló yẹ kẹ́ ẹ kọjú sí, torí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Ojú ọ̀nà wá kù. Ohun tí mo ti rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé láàárín ẹnu ọ̀nà ilé àti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni iṣẹ́ ti ń bọ́ mọ́ aláàbọ̀ ara lọ́wọ́ jù. Ìtìjú tàbí ẹ̀tanú ọ̀gá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ ló máa ń parí rẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀, tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta, tí kò sí ẹni tó lé wọn. Owó ọkọ̀ ló gbé owó oṣù wọn mì.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ nípa owó. Ká ní ẹ gba kẹ̀kẹ́ Màrúwá fún ara yín nìkan ní 1,500 náírà lọ, 1,500 bọ̀. Fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, 66,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000. Ìjọba Èkó ní àwọn ń san 85,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì tó dá ṣáṣá lè fi danfo àti ìrìn ẹsẹ̀ gé owó yẹn kù sí ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Àìlera ní owó orí tirẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbà á lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó kúrò ládùúgbò.

Òfin ọdún 2018 yẹn sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ o. Ó ní kí àwọn tó ń pèsè ọkọ̀ fún ìjọba ṣe ohun tí àga onítáyà yóò fi lè wọ inú ọkọ̀, kí gáréèjì àti ibùdókọ̀ wọn náà ṣeé wọ̀. Ó fún àwọn ilé ìtagbangba ní ọdún márùn-ún láti tún ojú ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì pé ní oṣù kìíní 2024. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ ka òfin yìí sétí onídanfo? Ọkọ̀ kan, olówó kan. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó owó ọlọ́kọ̀ jọ kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn agbèrò ń dúró dè é ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, epo sì ti gbówó lórí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2023. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi dúró, ọkọ̀ mìíràn ló ń gbé èrò rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń yí táyà nígbà tẹ́sẹ̀ èrò kò tíì kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe ìkà lásán, bí wọ́n ṣe ń pa owó nídìí rẹ̀ ló fà á. Ẹ̀bẹ̀ kò sì lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dúró gbé yín, kọ́ńdọ́ á ní kẹ́ ẹ sanwó ẹrù lórí àga yín, tàbí kẹ́ ẹ sanwó ìjókòó méjì. Bẹ́ ẹ bá lè jà á, ẹ jà á. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi gbogbo àárọ̀ ayé yín jà á.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ níbí fún àwọn òǹkàwé mìíràn. Ohun tó jẹ́ ìyà fún ẹni tó ń lo àga onítáyà lè jẹ́ àǹfààní fún ẹni tí kò ríran. Igbe "Òṣòdì, Òṣòdì, Òṣòdì o wọlé!" tí kọ́ńdọ́ ń ké, òun ni ìkéde ibùdókọ̀ fún àwọn afọ́jú Èkó láti ọjọ́ pípẹ́, pàápàá àwọn tó ń lọ sí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn afọ́jú tó wà ní Òṣòdì níbẹ̀. Gbé irú wọn sínú bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí awakọ̀ kò ń sọ̀rọ̀, tí kò sì sí ohùn tó ń kéde ibùdó, wọn kò ní mọ ibi tí wọn yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Ti adití sì tún yàtọ̀. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ìjọba ní ọkọ̀ tuntun "dára fún aláàbọ̀ ara", ẹ bi wọ́n pé aláàbọ̀ ara wo.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìjú. Ibi tẹ́ ẹ ń gbé ṣe yín lóore ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ọkọ̀ ojú irin Red Line ní ibùdó ní Ìjú, ó sì ní ibùdó ní Yábàá. Tinubu ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì 2024, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni àwọn èrò sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Láti Agbado ló ti ń bọ̀, ó gba Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábàá kọjá kó tó dé Òyìngbò, ó sì jẹ́ kìlómítà 27. Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà. Ìkẹjà wà níbẹ̀. Àwọn tó bi yín bẹ́ ẹ ó ṣe máa dé, ibùdó kejì lẹ́yìn tiyín ni àdúgbò wọn wà lórí ìlà kan náà, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kò sí ẹni tó rántí sọ ọ́. "Màá wá ọ̀nà sí i" tẹ́ ẹ wí, ìgboyà wà nínú rẹ̀, àmọ́ etí ọ̀gá iṣẹ́ gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn ní òun kò mọ̀.

Ọkọ̀ náà ní ìtàn kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ojú irin méjì tí ilé iṣẹ́ Talgo ṣe ni ìjọba Èkó rà fún ìlà yìí ní 2022. Ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kàn wọ́n fún, ìpínlẹ̀ náà pa iṣẹ́ ọ̀hún tì, ọkọ̀ sì wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin kan wà l'Amẹ́ríkà láti 1990 tó ní ọkọ̀ ojú irin tuntun gbọ́dọ̀ ní àyè fún àga onítáyà, nítorí náà wọn ò lè kan èyí tí kò ní. Ohun tí àwọn aláàbọ̀ ara ibẹ̀ já gbà ló ń kọjá lẹ́yìnkùlé yín ní Ìjú.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe gbogbo ìrìn àjò. Kó tó di ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀ láti ilé títí dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Yábàá yẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ tí èrò kò pọ̀, kẹ́ ẹ mú ẹnìkan dání. Ẹ ra káàdì Cowry, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ náà, sílẹ̀ ṣáájú, kẹ́ ẹ má baà máa tò síbi tí wọ́n ti ń tà á láàárọ̀. Àwọn ibùdó náà ní ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, torí afárá ni èrò ń gbà sọdá irin. Ẹ wò ó bóyá ó ń ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bó ṣe máa ń rí bí iná bá lọ. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín pèpéle àti ilẹ̀kùn ọkọ̀, bóyá ẹ nílò ẹni tó máa ti àga yín sókè. Ẹ béèrè ìwé àkókò ọkọ̀. Èyí ṣe kókó, torí ojú irin kan náà ni Red Line àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ń lò, kò sì ní ọkọ̀ tó ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ti àárọ̀ bá já yín sílẹ̀, ọjọ́ yẹn lè bàjẹ́. Nípa títò, òfin ti sọ ọ́ pé aláàbọ̀ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn níbi tí èrò bá ti tò, nítorí náà ẹ kọjá síwájú láì tijú. Àwọn ará Èkó máa ń kùn, wọn kì í sábà dènà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo tó bá dí yín lọ́nà, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ agbéniròkè bá ti bàjẹ́, tàbí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ibẹ̀. Apá kan nínú òfin yẹn wà tí ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò kò tilẹ̀ kà: bí ẹ bá ti fi tó aláṣẹ ibi ìtagbangba kan létí pé ẹ kò lè wọlé síbẹ̀, tí wọn kò sì ṣe nǹkan kan sí i, ilé iṣẹ́ náà yóò san 10,000 náírà fún yín lórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi fà á, bí kóòtù bá ti dá wọn lẹ́bi. Kí owó náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́, lẹ́tà ni ẹ̀rí. Ìpè lórí fóònù kò tó, ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú àwọn sikiọ́ríìtì ẹnu géètì kò sì jẹ́ nǹkan kan.

Láti ilé dé ibùdó Ìjú ni mo rò pé yóò ná yín lówó jù. Ẹ wá ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan ní àdúgbò, ẹni tó ní ìdílé, tí gbogbo ènìyàn mọ ilé rẹ̀, kẹ́ ẹ bá a ṣe àdéhùn láti máa sanwó fún un lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ilẹ̀ inú kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò ga, ẹ lè fi ọ̀pá yín gùn ún, kí ó ká àga yín sẹ́yìn. Ẹni tó mọ̀ pé owó òun dájú ní ọjọ́ Ẹtì kì í bá yín du ìṣẹ́jú. Ẹ mú ẹlòmíràn mọ́ ọn, tí yóò máa rọ́pò rẹ̀ bí àìsàn tàbí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Fún oṣù tí òjò ń rọ̀ gan-an, ẹ fi ìdajì wákàtí kún àkókò yín, torí ẹ mọ ohun tí omi máa ń ṣe sí àwọn ojú ọ̀nà kan ní Ìjú àti Ìṣàgá.

Nígbà tí àwọn ará Yábàá bá wá bi yín, ẹ má fún wọn ní ìtàn àìsàn yín. Ẹ má bẹ̀ wọ́n. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ọkọ̀ ojú irin ni màá máa gbé láti Ìjú. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, mo mọ àkókò rẹ̀. Ọkọ̀ àárọ̀ tó bá iṣẹ́ yín mu máa ń dé Yábàá ní agogo báyìí-báyìí, nítorí náà mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agogo báyìí-báyìí. Bí ó bá bàjẹ́, kẹ̀kẹ́ tí mo ti bá ṣe àdéhùn yóò gbé mi dé Agége, màá sì gba ọkọ̀ níbẹ̀." Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá tó bá ti rí i lórí bébà kò ní rí nǹkan kan dì mú mọ́, bí ó bá sì kọ̀ yín lẹ́yìn èyí, ẹ̀rí abala 28 yín ti di èyí tó lágbára.

Ẹ̀yin náà, ẹ bi wọ́n. Ṣé ọ́fíìsì náà wà nísàlẹ̀? Ṣé àga lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀? (Ìbéèrè yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, tí wọ́n á wá máa fi gbogbo ọ̀sán pa òǹgbẹ kí wọ́n má baà ní láti tọ̀.) Ṣé ẹ lè máa dé ní agogo mẹ́sàn-án kẹ́ ẹ sì lọ ní mẹ́fà, bí ọkọ̀ kò bá bá agogo mẹ́jọ mu? Kò ná ilé iṣẹ́ ní kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á sì gbà bí ẹ bá sọ ọ́ ní kùtùkùtù. Ohun tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbà ni kí wọ́n gé owó oṣù yín nítorí "wàhálà yín". Mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé pé bí nǹkan bá ṣe yín lójú ọ̀nà, kò kàn wọ́n. Àwọn kan ti gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú oníbàárà mi rí. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ọdún 2010 dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí láàárín ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà, torí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kò lè fọwọ́ sí i pé òun ti yááfì ẹ̀tọ́ yẹn. Bí wọ́n bá gbé ìwé náà wá, ẹ ní ẹ fẹ́ fi han agbẹjọ́rò yín ná.

Wọ́n lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ kúkú máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Fún oníṣirò owó, ó ṣeé ṣe dáadáa, mo sì rò pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ dára, torí yóò gé owó ọkọ̀ yín kù. Bí wọ́n bá ní kó jẹ́ gbogbo ọjọ́ márààrún, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó gbà. Ẹni tí wọn kì í rí ní ọ́fíìsì, wọn kì í rántí rẹ̀ bí àyè ìgbéga bá ṣí sílẹ̀, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Owó iná àti owó dátà náà ńkọ́? Ta ni yóò san án? Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́.

Àwọn ènìyàn yóò tún máa fi Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ṣe àpẹẹrẹ fún yín, pé orí àga onítáyà ló wà láti ìgbà jàǹbá ọkọ̀ tó ní ní 1997, síbẹ̀ ó kọrin, ó dá Fresh FM sílẹ̀ n'Íbàdàn, ó gba ènìyàn síṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ọkùnrin náà sì yẹ ní àyẹ́sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe danfo Òjòó ló ń gbé e dé ilé iṣẹ́ rédíò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìgboyà gba yín níyànjú, kó bá yín wá owó kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ló kù. Òótọ́ ló sọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan láti 1994 tí wọ́n ń pè ní Access to Work. Ẹni tí àìlera rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wọ bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin lè béèrè pé kí ìjọba bá òun san lára owó takisí lọ síbi iṣẹ́, kí ó sì fi rìsíìtì hàn. Takisí dúdú London náà, láti ọdún 2000 ni gbogbo wọn ti gbọ́dọ̀ lè gbé àga onítáyà. A kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin wa kò sì mẹ́nu bà á. Ẹni tẹ́ ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni agbanisíṣẹ́ yín, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn gbà yín, tẹ́ ẹ kò sì tíì fọwọ́ síwèé. Ẹ gbé ìṣirò owó kẹ̀kẹ́ yín síwájú wọn, kí wọ́n fi í sínú owó ìrìnnà. Wọ́n lè gbà á tán, wọ́n lè gba ìdajì. Ẹ má béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ti yá jù.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá sì ń wá ohun tí òun lè fi ràn yín lọ́wọ́ láti London, ẹ má jẹ́ kó fi owó takisí ránṣẹ́. Owó yẹn yóò tán lóṣù kan. Ẹ ní kó wá táyà àga onítáyà tí kì í jò, èyí tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú, kó ra méjì ńlá àti méjì kékeré tó bá ìwọ̀n àga yín mu. Ẹ wọn àga náà kẹ́ ẹ tó pè é, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára táyà tẹ́ ẹ ń lò báyìí ránṣẹ́ sí i.